Ìkòkò Kan fún Gbogbo Ilé

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni a mú wá lónìí. Kí ẹ̀yin baálé má ṣe rò pé kò kàn yín. Gbogbo ẹni tí ó ń jẹun ni ó kàn.

Àwọn òbí kan máa ń tọ̀ wá wá pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn kan náà. Ara ọmọ wọn kì í balẹ̀. Bí a bá ní kí ó kàwé, ojú rẹ̀ ti wà lójú fèrèsé. Bí ó bá ń ṣeré, yóò fọ́ nǹkan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, oorun kì í kùn ún. Wọ́n ti nà án nílé ẹ̀kọ́. Àwọn ará ilé ti sọ ọ́ ní orúkọ tí kò yẹ ọmọ ènìyàn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti gbìmọ̀ pé kí a gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi pàṣán lé ẹ̀mí jáde. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀: kí wọ́n yọ aró àtọwọ́dá, adùn àtọwọ́dá àti àwọn èròjà tí a fi ń dènà kí oúnjẹ bàjẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé, wọ́n béèrè pé, kí ni ọmọ yìí yóò wá máa jẹ?

Ìmọ̀ràn náà ní ìtàn. Dókítà Benjamin Feingold, ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, gbé e síwájú àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1973, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1975. Ọ̀pọ̀ ni ó bá a jiyàn. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Southampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí ọmọ ọdún mẹ́ta 153 àti ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án 144. Nígbà kan, aró àti sodium benzoate wà nínú ohun mímu tí wọ́n fún wọn. Nígbà mìíràn, kò sí. Wọ́n rí i pé àìfarabalẹ̀ pọ̀ sí i nígbà tí àwọn èròjà náà wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kò tóbi, kò sì rí bákan náà lára gbogbo ọmọ. Síbẹ̀, láti oṣù keje ọdún 2010 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan pé kí ìkìlọ̀ wà lára oúnjẹ tí ó bá ní ọ̀kan nínú aró mẹ́fà náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilẹ̀ tiwa náà. Ní 2007, oníṣòwò kan kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò láti Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kò sì gbà á nítorí èròjà inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Èkó pàṣẹ pé kí àjọ NAFDAC mú kí a kọ ìkìlọ̀ sára ìgò àwọn ọtí náà, ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe é sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kì í ṣe pé a fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé, ìyá tí ó bá dúró lọ́jà tí ó ń ka ara ìgò kí ó tó san owó kò ṣe àṣejù.

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ ilé ìdáná. Èkíní, ẹ mọ ohun tí ẹ ń yọ kúrò. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa mú un lọ sọ́jà: E102, E104, E110, E122, E124 àti E129. Àwọn ni aró mẹ́fà tí a wí. E211 ni sodium benzoate. Ẹ wá wọn lára súìtì, bisikíìtì aláwọ̀, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìyẹ̀fun tí a ń pò mu, magí, kọ́rì àti núdù inú ọ̀rá. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní in. Àkọlé ara wọn ni yóò sọ. Bí ọjà kan kò bá ní àkọlé, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì ṣe rò pé gbogbo ohun tí a kò fi ọ̀rá dì ni ó mọ́. Ní ọdún 2015, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Gánà rí aró Sudan IV, èyí tí kò tọ́ sí ẹnu ènìyàn rárá, nínú epo pupa tí wọ́n ń tà láwọn ọjà Accra. Nítorí náà, ẹ ra epo lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ibi tí ó ti ń gbé e wá.

Èkejì, ẹ padà sí ìdáná àwọn ìyá wa. Kí magí tó dé ni ọbẹ̀ ti ń dùn. Ẹ se egungun ẹran pẹ̀lú alùbósà, áyù, atalẹ̀ àti iyọ̀ lórí iná kékeré títí omi rẹ̀ yóò fi ki. Omi yìí àti irú ni yóò rọ́pò magí. Ní òwúrọ̀, ọ̀gì tí ẹ sẹ́ fúnra yín pẹ̀lú àkàrà, tàbí àṣáró ácà tí àwọn ará Plateau ń jẹ. Ní ọ̀sán, ẹ̀wà, tàbí ànàmọ́ òyìnbó tí ilẹ̀ Jos ń mú jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, pẹ̀lú ẹyin. Ní alẹ́, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, tàbí ọbẹ̀ lúrú.

Ẹ ó rí i pé kò sí tòmátì nínú àwọn ọbẹ̀ wọ̀nyí. A mọ̀ọ́mọ̀ yàn wọ́n ni. Feingold ní kí a yọ tòmátì, ọsàn, ápù àti kùkúmbà náà fún ìgbà díẹ̀, nítorí èròjà salicylate tí ó wà nínú wọn, kí a sì máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tí ó ń gbé ibi tí tòmátì Farin Gada ti pọ̀ tó báyìí, àṣẹ líle ni. Bí dókítà yín kò bá sọ ọ́, ẹ má ṣe yọ wọ́n, nítorí ọmọ nílò èso àti ewébẹ̀. Bí ó bá sì sọ ọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, máńgòrò, ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀yìnbó ṣì wà. Ní ti ṣúgà tí ọ̀pọ̀ ń dá lẹ́bi, àkópọ̀ ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1995 kò rí i pé òun ni ó ń fa àìfarabalẹ̀ ọmọ.

Ẹ máa kọ ohun tí ọmọ jẹ, bí ó ti sùn àti bí ó ti ṣe sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì tú ọmọ sílẹ̀ nínú èèwọ̀ tí kò ṣe é láǹfààní. Aró máa ń wà nínú oògùn olómi náà; ẹ béèrè irú èyí tí kò ní in, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù lọ́kàn wa. Nínú ilé kan ní àdúgbò wa níhìn-ín, ìyá ń se ìkòkò méjì: tí ilé, àti ti ọmọ yìí. Ọmọ náà a máa jókòó sí igun tirẹ̀ pẹ̀lú àwo tirẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó béèrè pé, “Màmá, kí ni mo ṣe?” Ìyá kò rí ìdáhùn. Bàbá rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀: “Láti òní lọ, ohun tí o bá ń jẹ ni gbogbo wa yóò máa jẹ.” Ìyá àgbà tí ó wá kí wọn láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó tún wọn kọ́ bí a ti ń fi irú nìkan se ọbẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ kùn nípa núdù wọn. Nígbà tí ó pẹ́, wọn kò kùn mọ́.

Àwọn àgbà ní, àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ọmọ tí a yà nípa lórí oúnjẹ yóò rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ òun, yóò sì máa jí súìtì jẹ níta. Nítorí náà, ẹ kọ́ ọ kí ó máa dáhùn báyìí bí aládùúgbò bá nawọ́ nǹkan sí i: “Ẹ ṣé, mà. A kì í jẹ ẹ́ nílé wa.” Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe “èmi kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́.” Bí ẹ bá ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ẹ di ẹ̀pà sísun tàbí ṣinṣín tí ẹ dín nílé dání, kí ó pọ̀ tó èyí tí yóò fi fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí pẹ́ńsù rọ́pò súìtì aláwọ̀ tí ẹ fi ń yin àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin ará, pàṣán kò lè lé aró jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Kí ẹ tó fi ọmọ yín pe ẹlẹ́mìí burúkú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì wo inú ìkòkò yín.