Ìjàpá tí kò Dáhùn: Bí a ṣe ń wá Àìsàn Iná inú Ọkọ̀ Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni yóò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ àtijọ́ bá ti dá dúró sí ojú ọ̀nà lóru, tí àwọn ọmọ ń sunkún ní ìjókòó ẹ̀yìn, kò ní pẹ́ tí yóò fi di akẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀.

Ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn ni Volkswagen Beetle, èyí tí a sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí bí igbá ahun. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ ní Èkó, Ìjàpá sì wà lára wọn. Ní ọdún 2003 ni wọ́n ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, nígbà tí iye rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 21 káàkiri ayé. Síbẹ̀, àwọn tí bàbá wọn fi í sílẹ̀ fún ṣì ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni èmi náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò sọ ju "kẹ́" lọ. Mo pe rewáyà. Ó ní bátìrì ti kú. Mo ra tuntun. "Kẹ́" náà ni. Ó ní kíkísítátà ni. Mo ra ìyẹn pẹ̀lú. Owó oṣù mi ń tán lọ, àìsàn kò lọ. Nígbà tí ó yá, wọ́n bá mi pe rewáyà àgbàlagbà kan. Kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ bi mí.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ tan iná iwájú, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́. Ṣé iná náà ń ṣú ni, tàbí ó dúró bí ó ti wà?"

Mo ní, "Bàbá, ó dúró bí ó ti wà."

Ó ní, "Ẹjọ́ bátìrì kọ́ nìyẹn. Bí agbára rẹ̀ bá ti tán ni, iná ìbá ti ṣú."

Ó mú wáyà nínípọn kan, ó fi etí kan rẹ̀ mọ́ orí bátìrì tí ó so mọ́ ara ọkọ̀, ó sì fi etí kejì kan irin gíàbọ́ọ̀sì. Ó ní kí n yọ gíà, kí n ṣáná sí i. Ọkọ̀ hó gee! Okùn irin kékeré tí ó so gíàbọ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀ ni ìpẹtà ti jẹ. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì àti gíàbọ́ọ̀sì jókòó sí, iná kì í sì í gba inú rọ́bà kọjá. Okùn yẹn ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí orísun rẹ̀. Iná kì í ṣiṣẹ́ bí kò bá rí ọ̀nà àbọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù kò ì tíì dé. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà. Nígbà tí Bàbá gbé ìjókòó náà sókè, ó fi hàn mí pé bátìrì tuntun tí mo rà ga ju ti àtijọ́ lọ, kò sì ní ìbòrí. Sípíríǹgì ìjókòó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí rẹ̀. Bí ọmọ mẹ́ta bá jókòó síbẹ̀, irin yóò kan irin, tìmùtìmù yóò sì gbiná. Oògùn tí a kò nílò ni ó fẹ́ di ikú. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi fi owó pa ohun tí kì í tilẹ̀ ṣe làpálàpá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ̀lé ìlànà mẹ́rin.

Èkíní, mọ irú ọkọ̀ tí o ní. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí ó ṣáájú ọdún 1967 ni ó ń lo fólítì 6. Lẹ́yìn náà ni fólítì 12 gbòde. Bátìrì fólítì 12 tí ó yó tí ó sì sinmi yóò fi nǹkan bí 12.6 hàn lójú mítà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré díẹ̀, ó yẹ kí ó tó nǹkan bí 14. Bí kò bá gòkè, dáínámò tàbí régúlétọ̀ ni kí a yẹ̀ wò.

Èkejì, wo oríkèé kí o tó wo ẹ̀yà ara. Níbi tí wáyà ti pàdé irin ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Tú wáyà orí bátìrì kúrò, fi sáńpépà ha ojú ìpàdé náà títí yóò fi dán, kí o sì dè é le.

Ẹ̀kẹta, má ṣe tan fíùsì jẹ. Fíùsì gbà láti kú kí ọkọ̀ má baà kú. Ẹni tí ó fi bébà dídán inú páálí sìgá rọ́pò rẹ̀ ti lé olùṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin, bí iná pupa bá tàn lójú ọ̀nà, dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí dáínámò àti fáànù. Ìjàpá kò ní omi ìtutù. Afẹ́fẹ́ fáànù nìkan ni ó ń tù ú. Bí bẹ́líìtì bá ti já, ẹ́ńjìnnì yóò jóná bí a kò bá dúró.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí a ti ń ṣe pẹ̀lú gbólóhùn tí kò yé ni nìyí: a kì í ya gbogbo ìwé dànù, a ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ kan kò ti bá èkejì so. Abéèrè kì í ṣìnà. Okùn irin tí ó wo Ìjàpá mi sàn kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ ní gígùn, owó rẹ̀ kò sì tó owó oúnjẹ ọ̀sán.