Ìbọn Tí Ìlú Mọ̀ Àti Ìbọn Abẹ́ Aṣọ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa

Wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìbọn.

Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀dọ́ kan dìde. Ó ní: «Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ ìbọn ìléwọ́, á lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù, á gbé e sílé. Àwa ńkọ́? Olè wà lójú títì, màlúù ń jẹ oko wa, a sì ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní òkè àríwá. Kí ló dé tí kálukú ò lè ní tirẹ̀?» Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwa ò pàtẹ́wọ́, àmọ́ a ò bínú sí i. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà sì nídìí. Láti ìparí 2021 ni àwọn agbébọn ti ń kọlu àwọn ọmọ ogun wa ní Atacora àti Alibori. Ọ̀rọ̀ darandaran, kò sẹ́ni tó dáko láàárín Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Ìjọba fúnra rẹ̀ fòfin de kíkó màlúù wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè ní ìparí 2019.

Ní ti Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ń tọ́ka sí lọ́hùn-ún, 1791 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, títí dòní ni wọ́n sì ń bá ara wọn jà lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kẹta 1996, ọkùnrin kan wọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé ní Dunblane, ní ilẹ̀ Scotland, ó pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Ìbọn ìléwọ́ tó gbé lọ, ìwé àṣẹ wà lórí wọn. Ọdún tó tẹ̀lé e kò tíì parí tí ìjọba fi fòfin gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ ará ìlú. Ṣé ẹ rí i? Òyìnbó fúnra wọn ò fẹnu kò. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀, ká wo ilẹ̀ tiwa.

Ìbọn kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Èyí tó gba etíkun Ouidah wọlé láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ènìyàn ni wọ́n fi rà á. Ìbọn yẹn náà ni ogun Dànhọ̀mẹ̀ gbé wá tí Kétu fi tú ní 1886. Akaba Idẹ́nà ṣì dúró, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ò tíì lọ wò ó, ẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni Faransé dé. Nígbà tí àwọn ará wa ní Ọ̀họ̀rí kọ ìjọba wọn ní 1914 sí 1915, ojú wọn rí nǹkan. Ohun tí a sì gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa ni pé ẹni tó bá wá ka ìbọn rẹ lónìí, ọ̀la ló máa wá gbà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn àwọn ọdẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìbọn pamọ́ fún ìjọba, kì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ fi ṣe ibi.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Ìbọn ọdẹ, èjìká ló ń gbé. Alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́, a mọ̀ ọ́n. Olúọdẹ mọ ẹni tó gbé e, ìyàwó ilé mọ ibi tó ń so kọ́, ọmọdé tó bá rí i lójú ọ̀nà á ní «bàbá ń lọ sóko». Ìbọn ìléwọ́ ńkọ́? Abẹ́ aṣọ ló ń wà. Ó lè wà lára ẹni tó jókòó tì yín nídìí ẹmu, lára ẹni tó ń bá yín du ààlà ilẹ̀, lára ọmọ tó ń ṣe òṣèlú tí orí rẹ̀ ti gbóná. Ní oṣù kẹfà 2019, lẹ́yìn ìdìbò àwọn aṣòfin, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Tchaourou dàrú, ìbọn dún, ènìyàn fara gbọgbẹ́. A ò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lónìí. A kàn ń bi yín ni: bó bá jẹ́ pé gbogbo àpò ṣòkòtò ló ní ìbọn nínú lọ́jọ́ yẹn, mélòó nínú wa ni ì bá wà níbí?

Ohun kan wà tí a ò tíì sọ ní gbangba rí. Àwa tí a fi ọgbọ̀n ọdún jókòó sídìí tábìlì ìjọba, a wà lára àwọn tó ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Bàbá ọdẹ kan wá bá wa nígbà kan, ó fẹ́ gba ìwé àṣẹ fún ìbọn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló gùn wá, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó ti kúrò nílé. A ní ìwé ìbí ò sí. Ó padà. Ó tún wá, ó mú ìwé ìbí dání, a ní fọ́tò ò pé. Nígbà kẹta, fọ́tò pé, tẹ̀ḿbù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ló kù, tẹ̀ḿbù sì ti tán níbi tí wọ́n ti ń tà á. A ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wò wá títí, ó ní: «Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ìbọn ni ẹ fẹ́ mọ̀ ni, àbí ẹsẹ̀ mi ni ẹ fẹ́ dán wò?» A rẹ́rìn-ín. Kò padà wá mọ́.

Nígbà tó kú, ìbọn náà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kì í ṣe ọdẹ. Ìyẹn fi ṣe ìdógò gbèsè fún ẹlòmíì. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ẹni yẹn rí koríko tó ń mì létí oko ẹ̀gẹ́, ó rò pé ọ̀yà ni. Obìnrin tó ń lọ pọn omi ni. Kò kú, a dúpẹ́, àmọ́ apá rẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́. A ò ní dárúkọ abúlé náà. Nígbà tí wọ́n béèrè pé ta ló ni ìbọn, orúkọ mẹ́rin ni àwọn ènìyàn dá, kò sì sí ìwé kan ṣoṣo. Ìwé yẹn ni a ò fún bàbá.

Òfin wà o. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2006, ní Àbújá, àwọn olórí orílẹ̀-èdè CEDEAO buwọ́ lu àdéhùn lórí ìbọn kéékèèké. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Benin àti Togo wà nínú rẹ̀. Kò sọ pé kí ọdẹ má ní ìbọn. Ohun tó sọ ni pé kí àṣẹ wà, kí ẹni tó ń béèrè fúnra rẹ̀ yọjú, kó ti dàgbà tó, kó má ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn, kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kó mọ̀ ọ́n lò, kí ìbọn ní àmì. Wọ́n tún ní kí ìbọn àti ọta má ṣe gbé ojú kan. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa: mélòó ló so kọ́ ara ògiri báyìí tí ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀, tí ọmọ ń ṣeré nísàlẹ̀?

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ni pé kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ ìwé ìbọn máa wá bá wa lọ́jọ́ ọjà, dípò kí arúgbó máa gun kẹ̀kẹ́ nígbà mẹ́ta. Kí owó rẹ̀ má ju agbára ọdẹ lọ. Kí wọ́n sì dá ìgbà kan tí ẹni tó bá gbé ìbọn bàbá rẹ̀ wá kò ní sùn látìmọ́lé. Bí wọn ò bá gba èyí tó kẹ́yìn yìí, kò sẹ́ni tó máa wá, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa.

Ní tiwa, kí ìwé kan wà nílé Olúọdẹ kọ̀ọ̀kan: ìbọn yìí, ẹni tó ni ín, alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́. Bí ọdẹ bá sì kú, níbi ìṣípà gan-an, níwájú gbogbo ọdẹ, kí wọ́n sọ ẹni tí ìbọn ń lọ bá. Bí ọmọ ò bá ṣọdẹ, kí ìbọn padà sọ́dọ̀ Olúọdẹ títí ìjọba yóò fi gbọ́.

Ìbọn ìléwọ́, a ò ní kí ẹgbẹ́ yìí bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ óò ní olè kì í gba ìwé àṣẹ. Òótọ́ ni. Àmọ́ olè tó dá ọkọ̀ yín dúró, ìbọn tirẹ̀ ti wà lọ́wọ́ kí tiyín tó jáde lápò, tiyín á sì di méjì fún un. Ẹni tó ń dá gbé oko tó jìnnà, tí pọlísì ò lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ò ní ìdáhùn tó tán fún un lónìí. Ẹ̀rí ọkàn wa ò jẹ́ ká purọ́ fún un. Ohun tó yẹ ká jọ bèèrè fún un ni àgọ́ pọlísì tó sún mọ́ ọn, àti ọdẹ tó ní ìwé, tí pọlísì mọ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́tà tí a fẹ́ kó lọ fún mérì wà lọ́wọ́ akọ̀wé, nídìí tábìlì yẹn. A ti kà á fún Olúọdẹ mẹ́ta, wọ́n ní kí a yọ gbólóhùn kan, a sì ti yọ ọ́. Ẹ̀yin tó kù, ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó máa lọ. Ọ̀dọ́ tó bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí, a rí ọ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, ìwọ náà wá kà á.