Ìlú Àgbà ní Arizona
Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1960 ni akọ́lé kan tí ń jẹ́ Del Webb ṣí Sun City sílẹ̀ fún àwọn àgbà ní aṣálẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà, ìlú tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 19 kò gbọdọ̀ fi ṣe ibùgbé. Àwa tí a gbà pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, lè pè é ní ìkọ̀sílẹ̀ òbí. Ṣùgbọ́n arúgbó tí ó ń fi ọkọ̀ gọ́ọ̀fù kékeré lọ lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ní òun kò fẹ́ di ẹrù sí ọmọ lọ́rùn. Àwọn ọmọ a máa dúpẹ́, síbẹ̀ àyà wọn a máa já bí fóònù bá dún lóru. N kò dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ bí a bá gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ta ni yóò máa ki ọmọ-ọmọ ní oríkì láràárọ̀?