Nígbà Tí Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Bá Fìdí Rẹmi

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán ní Nàìjíríà. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè yìí bá ti fìdí rẹmi, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa ni a óò ti máa gbọ́ ọ nídìí àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ní gáréèjì ọkọ̀, láti Sókótó títí dé Kàlàbá: "Ẹ lé akọ́nimọ̀ọ́gbá yìí lọ!" Ẹlòmíràn yóò bi í pé, ta ni yóò wá rọ́pò rẹ̀? Ibẹ̀ ni ohùn yóò ti máa ròkè. Ẹni tí kò mọ orúkọ kọmíṣọ́nnà kan ṣoṣo ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ yóò máa ka orúkọ agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá tí ó yẹ kí ó wọ pápá, yóò sì sọ ìdí tí ó fi yẹ bẹ́ẹ̀. Kò tọ́ kí á fi irú wọn ṣe ẹlẹ́yà. Owó ìlú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, orúkọ orílẹ̀-èdè sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó yẹ kí á wádìí ni ohun tí ó ti tẹ̀yìn irú igbe bẹ́ẹ̀ jáde nígbà tí àwọn aláṣẹ gbọ́ ọ tí wọ́n sì ṣe bí ó ti wí.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ Gernot Rohr, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí ó gba iṣẹ́ náà ní oṣù kẹjọ ọdún 2016. Lábẹ́ rẹ̀ ni Nàìjíríà ti kọ́kọ́ yege ṣáájú gbogbo orílẹ̀-èdè Áfíríkà yòókù fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2018, lábẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ipò kẹta ní Íjíbítì ní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n iyì ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ní ìlú Benin, Nàìjíríà ti gbá ayò 4 wọlé Sierra Leone, àwọn àlejò kò sì tíì ní ẹyọ kan. Kí eré tó parí, ó ti di 4 sí 4. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, orílẹ̀-èdè Central African Republic wá sí Èkó, wọ́n gbá ayò kan ṣoṣo wọlé, wọ́n sì gbé ìṣẹ́gun lọ. Ta ni yóò rí irú èyí tí inú rẹ̀ kò ní ru? Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù dá Rohr dúró. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré kí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Kamẹrúùnù.

Augustine Eguavoen ni wọ́n fi ṣe adelé. Ẹgbẹ́ náà na Íjíbítì, wọ́n na Sudan, wọ́n na Guinea-Bissau, àwọn tí ó ti ń pariwo pé kí Rohr máa lọ sì ń rìn bí ẹni tí ó jẹ oyè. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni Tunisia fi ayò kan lé wọn wálé. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n gbá ọ̀mì 0 sí 0 pẹ̀lú Gánà ní Kumasi, wọ́n tún gbá ọ̀mì 1 sí 1 ní Abuja, ayò kan tí Gánà jẹ lóko àlejò yẹn sì ni ó gbé wọn lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà àwọn òǹwòran ya wọ inú pápá ní Abuja, wọ́n sì ń fọ́ ohun tí ọwọ́ wọn bá bà. Ní ti Rohr, ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ FIFA, àjọ náà sì pàṣẹ pé kí Nàìjíríà san owó tí ó lé ní 377,000 dọ́là fún un. Àwọn tí ń kígbe ní gáréèjì kọ́ ni yóò san án.

Ti Shaibu Amodu tilẹ̀ dunni ju èyí lọ. Ọkùnrin náà, tí ó ti di olóògbé ní ọdún 2016, ni ó kọ́ ẹgbẹ́ BCC Lions ti Gboko tí wọ́n fi gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1990. Ní ọdún 2001, Sierra Leone na Nàìjíríà ní Freetown, wọ́n lé Jo Bonfrere kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ké sí Amodu kí ó wá yọ ẹsẹ̀ wọn nínú ẹrẹ̀. Ó yọ ọ́. Ní oṣù keje ọdún náà, wọ́n na Gánà ní 3 sí 0 ní Port Harcourt, Nàìjíríà sì yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2002. Lílé tí wọ́n lé ẹni ìṣáájú so èso rere nígbà yẹn, ó yẹ kí á gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, wọ́n ṣe ipò kẹta ní ìdíje Mali, ojú àwọn ènìyàn kò gba ipò kẹta, wọ́n sì yọ Amodu. Àgbà ọ̀jẹ̀ Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, ni wọ́n gbé ẹrù náà lé lórí nígbà tí ó ku nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ní Japan, wọ́n pàdánù méjì, wọ́n gbá ọ̀mì kan. Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n mú bọ̀.

Ní ọdún 2008, wọ́n tún pe Amodu padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, ó tún mú wọn yege, ní ọjọ́ tí wọ́n na Kenya ní 3 sí 2 ní Nairobi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, wọ́n tún ṣe ipò kẹta, ní Angola. Wọ́n tún yọ ọ́. Lars Lagerbäck, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó kó wọn lọ sí South Africa. Wọ́n pàdánù méjì, wọ́n gbá ọ̀mì kan, wọ́n mú àmì kan ṣoṣo bọ̀. Ẹni tí ó gbin igi kò jẹ nínú èso rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tí wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀ kò rí ohun kan ká lórí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá wà ní ìhà kejì ọ̀rọ̀ yóò ní kí á má gbàgbé Côte d'Ivoire. Òótọ́ ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn ni wọ́n gba àwọn orílẹ̀-èdè yòókù lálejò. Nàìjíríà fi ayò kan nà wọ́n, Equatorial Guinea sì gbá 4 wọlé wọn ní ìṣojú àwọn ará ilé wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà wọ́n yọ Jean-Louis Gasset, ọmọ ilẹ̀ Faransé, nígbà tí ìdíje ṣì ń lọ lọ́wọ́. Emerse Faé, igbákejì rẹ̀, ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni ó pé ọmọ ogójì ọdún. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Morocco na Zambia, èyí ni Côte d'Ivoire fi rí ọ̀nà kọjá. Lẹ́yìn náà wọ́n lé Senegal jáde pẹ̀lú pẹnárítì, wọ́n na Mali, wọ́n na Congo ti Kinshasa, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 11 oṣù kejì, wọ́n fi 2 sí 1 gba ife náà mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tí ó wà nínú ìtàn yìí. Faé kì í ṣe àjèjì. Ó ti wà láàárín àwọn ọmọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìgbaradì, ó mọ ẹni tí inú ń bí àti ẹni tí orúnkún ń dùn. Àwọn aláṣẹ wọn tilẹ̀ ti kọ́kọ́ lọ tọrọ Hervé Renard lọ́wọ́ àwọn ará Faransé, ìgbà tí wọ́n kò rí i ni wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ sọ́wọ́ Faé. Bí Morocco kò bá na Zambia, gbogbo ayé ni ìbá máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní.

Ó sì tún ku àwọn tí ń gba akọ́nimọ̀ọ́gbá síṣẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2016, Sunday Oliseh kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní wọ́n rú àdéhùn, wọn kò sì san owó oṣù òun àti ti àwọn igbákejì òun. Bí aṣọ́gbà kò bá rí owó oṣù gbà, tí igbó sì bo ọgbà, ẹni tí ó ni ọgbà ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ bi léèrè. Lójú àwọn òǹwòran, akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan ni ó ń dúró létí pápá tí a lè nàka sí. Àwọn tí ó bu ọwọ́ lu ìwé rẹ̀ wà lórí àga onítìmùtìmù, wọ́n ń pa àtẹ́wọ́ nígbà tí ó bá dára.

Ìṣirò ìdíje fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2026 fi èyí hàn kedere. José Peseiro, ọmọ ilẹ̀ Pọ́túgà, gbá ọ̀mì pẹ̀lú Lesotho ní Uyo, ó tún gbá ọ̀mì pẹ̀lú Zimbabwe, ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ parí, ìyẹn lẹ́yìn tí ó ti kó wọn dé àṣekágbá ní Abidjan, wọ́n mú Finidi George. Finidi gbá ọ̀mì pẹ̀lú South Africa. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, Nàìjíríà pàdé Benin, aládùúgbò wa, ní Abidjan kan náà. Benin na wọ́n ní 2 sí 1. Ta ni ó ń darí ẹgbẹ́ Benin? Gernot Rohr. Kò pé oṣù méjì tí Finidi gba iṣẹ́ tí ó fi gbé e sílẹ̀.

Àmì 3 nínú 12 ni Eric Chelle bá nílẹ̀ nígbà tí ó dé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà tí ó kù, kò pàdánù ọ̀kan. Ó rí àmì 14 kó nínú 18, ó sì na Rohr àti Benin rẹ̀ ní 4 sí 0 ní Uyo. Síbẹ̀ South Africa ní 18, Nàìjíríà ní 17. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2025, Congo ti Kinshasa fi pẹnárítì lé wọn jáde pátápátá ní Rabat. Àmì kan ṣoṣo tí ó dín yẹn, ọdún 2023 àti 2024 ni ó ti sọnù, kí Chelle tó dé rárá.