Ìtọ́jú Ẹni Tó Ń Lo Àpò Ìgbẹ́: Ọ̀rọ̀ Alága ní Ìpàdé Gbogbogbòò Ọdọọdún

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ọ̀rọ̀ ọjà ni a máa ń sọ. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ara ni a fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣẹ̀rín.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, oníṣòwò ní ọjà Makola, kò wá sí ìpàdé fún oṣù mẹ́rin. A bu owó ìtanràn lé e gẹ́gẹ́ bí òfin wa. Ìyàwó rẹ̀ ló mú owó náà wá. Ó kà á tán, ó bú sẹ́kún. Ìgbà náà la tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ìfun ló ṣe ọkọ rẹ̀, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì fa ẹnu ìfun rẹ̀ yọ síta lára ikùn. Inú àpò tí a lẹ̀ mọ́ ikùn ni ìgbẹ́ ń jáde sí. Ojú ń tì í; ó ní bí òun bá jókòó láàárín ènìyàn, wọ́n á gbóòórùn òun. A dá owó náà padà, a sì tọrọ àforíjì. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kí a má ṣáà dárúkọ òun.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ló ń fa èyí. Ibà táífọ́ọ̀dù lè dá ìfun lu. Ìfun lè lọ́. Ìjàǹbá ọkọ̀ lè ba ìfun jẹ́. A sì ń bí ọmọ mìíràn láìní ihò ìdí. Ti àwọn mìíràn wà fún ìgbà díẹ̀, dókítà á dá ìfun padà sínú. Ti àwọn mìíràn wà títí ayé. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àsàsí, kì í sì í ranni.

Ìtìjú yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Gbogbo wa la mọ ilé olódi Osu tí àwọn ará Denmark kọ́. Ní ilẹ̀ Denmark náà, ní ọdún 1954, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Elise Sørensen rí i pé àbúrò rẹ̀, Thora, kò fẹ́ jáde nílé mọ́ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí. Ó ronú kan àpò ọ̀rá tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́nu. Aage Louis-Hansen, tó ń ṣe nǹkan ọ̀rá, gbà láti ṣe é nítorí pé ìyàwó rẹ̀, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì, rọ̀ ọ́. Nítorí ojú tó ń ti ẹnì kan ni àpò yìí ṣe dáyé.

Ọsibítù tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún arákùnrin wa kó àpò díẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ló kọ́ wọn ní ohun tí a fẹ́ sọ yìí.

Ẹnu ìfun náà pupa, ó tutù bí inú ètè. Fífọwọ́kàn kì í dùn ún. Bí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bá hàn nígbà tí a ń nù ún, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ má jẹ́ kí àpò kún. Bí ó bá ti tó ìdajì, ẹ dà á nù sí ṣáláńgá, torí pé ìwúwo ló ń fà á já.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ẹ tó jẹun ló dára jù. Ẹ kó àpò tuntun, sísọ́ọ̀sì, omi mímọ́ àti aṣọ rírọ̀ sítòsí. Ẹ rọra ṣí i láti òkè, kí ọwọ́ kejì di awọ ara mú. Omi ni kí ẹ fi wẹ ibẹ̀. Kí ẹ má fi Dettol, sípíríìtì tàbí òrí kàn án. Òróró kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú, àwọn yòókù á bó ara. Ẹ nù ún gbẹ. Ẹ gé ihò àpò náà kó tóbi ju ẹnu ìfun lọ díẹ̀ báyìí; bí ó bá fẹ̀ jù, ìgbẹ́ á jó ara bí ata. Ẹ máa wọ̀n ọ́n, torí ó máa ń súnkì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lè mú, nítorí òógùn Accra kì í ṣe kékeré.

Níbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin yìí á di ojú, ìyàwó á ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, obìnrin náà gbé dígí, ó ní kí ọkọ òun gé ihò náà fúnra rẹ̀. Kò pẹ́, òkú ìyá gbé obìnrin náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkùnrin yìí dá a ṣe. Ó sọ fún wa pé, “Ọjọ́ tí mo dá pààrọ̀ rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé mo ti kúrò lórí àìsàn.” Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ẹni ṣe. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ ṣe ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin ọkọ, bí ó bá jẹ́ ìyàwó yín ló ń lò ó, ẹ má lé e kúrò ní yàrá.

Kò sí èèwọ̀ oúnjẹ ńlá. Kí ẹni tí ìfun kékeré rẹ̀ ló wà níta máa mu omi dáadáa, kó rún ẹ̀pà, àgbọn àti àgbàdo kúnná, kí wọ́n má baà dí ìfun. Kó má gbé béèlì aṣọ. Bí ẹnu ìfun bá dúdú, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, tàbí bí ìgbẹ́ bá dá tí inú ń run tí èébì ń gbé e, ọsibítù ni, kì í ṣe àgbo. Ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí, kó bi àáfà: ìrọ̀rùn wà fún aláìsàn; á ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tó rántí ọdún 1969, nígbà tí ìjọba ní kí àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò lẹ́ni. Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí a fọwọ́ sí nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí a má bu ìtanràn lé ẹnikẹ́ni mọ́ kí a tó dé ilé rẹ̀. Èkejì, kí a yọ owó díẹ̀ nínú àpò ẹgbẹ́ láti ra àpò ìgbẹ́ oṣù àkọ́kọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá nílò rẹ̀, torí ó wọ́n. Ẹ̀kẹta, kí àga tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà jẹ́ ti ẹni tó lè nílò láti tètè jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í pé níbo ló ń lọ.

Ọkùnrin náà wà láàárín wa lónìí. Ẹ kò mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó gbóòórùn kankan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.