Àjàyí Ọ̀ṣoògùn: Omijé àti Ìgbẹ́kẹ̀lé nínú Ọlọ́run

Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ onígbàgbọ́, kí wọ́n tó rí ẹní tẹ́ fún àlejò ni ọ̀rọ̀ ìtùnú ti máa ń rọ́ wọlé. "Ẹ má sunkún mọ́." "Ọlọ́run kì í ṣàṣìṣe." "Ó nídìí tó fi rí bẹ́ẹ̀." Ìfẹ́ ló gbé àwọn tó ń sọ ọ́ wá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olọ́fọ̀ ló ti gbé ẹkún mì nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì rò pé àìnígbàgbọ́ ni kí èèyàn sọ pé ó ń dun òun.

Ìtàn ọmọ Yorùbá kan wà tó lè là wá lóye lórí èyí. Samuel Àjàyí Crowther ni, ẹni tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Òun fúnra rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bo egbò náà mọ́lẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ Ọ̀ṣoògùn, ìlú kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn, lówùúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn obìnrin ń dáná oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́. Bàbá Àjàyí sáré wálé, ó ní kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Ọmọ náà kò tún fojú kàn án mọ́. Wọ́n so okùn mọ́ Àjàyí lọ́rùn pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti pín wọn bí ẹni pín ẹrù. Àjàyí bọ́ sọ́wọ́ olóyè kan, olóyè náà sì fi í gba ẹṣin. Nígbà tó yá, ẹṣin kò tẹ́ wọn lọ́rùn mọ́. Wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n gba ọmọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí kan ìgbà tí wọ́n fi tábà àti ọtí rà á.

Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta òun fún àwọn Potogí, ayé sú u. Lóru, ó gbìyànjú láti fi ọ̀já rẹ̀ gbẹ̀mí ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Ní Èkó, wọ́n fi irin sí i lọ́rùn, wọ́n sì fa ẹ̀wọ̀n gígùn kan gba inú irin ọrùn gbogbo wọn, àtàgbà àtọmọdé. Bí inú bá bí àgbà kan, tó bá fa ẹ̀wọ̀n náà, ọrùn àwọn ọmọdé ló ń bó.

Ìgbàlà dé, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Àjàyí àti díẹ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ ogun náà, wọ́n rí ẹran tí wọ́n gbé kọ́, awọ rẹ̀ funfun, wọ́n sì rí àwọn nǹkan róbótó tí wọ́n tò sílẹ̀. Ọkàn wọn já: ẹran ara àwọn tí wọ́n jọ wá nìyẹn, orí wọn sì nìyí! Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn ni wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹran náà, tí wọ́n sì rí i pé irin ọta ìbọn ńlá ni àwọn tó rí róbótó.

Wọ́n gbé wọn dé Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí ní 1825. Ní oṣù Kejì 1837, ó kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS nípa ìrìn àjò rẹ̀, ó sì pe ọjọ́ tí wọ́n kó Ọ̀ṣoògùn ní ọjọ́ ìbànújẹ́ àti ọjọ́ ìbùkún, nítorí pé ó gbà pé Ọlọ́run ló tipasẹ̀ rẹ̀ mú òun dé ibi ìyìn rere.

Ìbànújẹ́ náà dúró, ìbùkún náà dúró. Ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́. Ọdún 16 sì ni ọ̀rọ̀ náà fi pọ́n kó tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bí ẹnìkan bá ti sọ ọ́ fún un nínú ẹ̀wọ̀n l'Ékòó, ìkà ni ìbá jẹ́.

Àjàyí kò sì torí ìbùkún yìí pe ìṣe àwọn akónilẹ́rú ní rere. Ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ìrìn àjò odò Ọya ní 1841, èyí tí òpin òwò ẹrú wà lára ète rẹ̀. Ní 1851, ó dé iwájú Ọbabìnrin Victoria ní ààfin Windsor, ó sì ṣàlàyé ohun tí òwò náà ń fojú àwọn èèyàn rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn ẹlòmíràn. Àìmọye ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ ni ọkọ̀ gbé dé Brazil àti Cuba, tí wọn kò tún gbúròó ìyá wọn títí wọ́n fi kú.

Òun rí tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, Àfàlá ìyá rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ara ìyá ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀, omijé ń dà lójú ìyá. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Ẹkún ló ṣáájú, kódà nínú ayọ̀. Jésù pàápàá sunkún nítòsí ibojì Lásárù, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun máa jí i dìde.

Ẹ má sì rò pé ìtàn náà parí síbi ayọ̀ yẹn. Ní 1890, nígbà tí bàbá yìí ti lé ní ẹni 80 ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó ṣàtakò sí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá odò Ọya, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìrora, kò fi Ọlọ́run sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin ìyá ìjọ, tí ẹ bá lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ bá a jókòó. Ẹ jẹ́ kó sunkún, kó sọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Ẹ bá a wá oúnjẹ àwọn ọmọ, kí ẹ sì tún padà lọ nígbà tí èrò bá ti tú. Ọjọ́ tí òun náà bá rí ọwọ́ Ọlọ́run nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.