Sìgá Mímu: Ṣé Orí Kunkun Ni, Àbí Bárakú?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí sìgá. Mo rí i pé àwọn kan ti ń wojú ara wọn, torí nínú wa níbí la ti ń tà á.

Kí ẹnikẹ́ni má bínú. Èmi náà tà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Ore mọ ìsọ̀ mi àtijọ́ létí títì márosẹ̀ Èkó sí Benin, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń dúró jẹun. Mílíìkì, búrẹ́dì, bisikíìtì, sìgá, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí àtẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà, kò sí ẹni tó kanlẹ̀kùn mi láago márùn-ún ìdájí nítorí mílíìkì. Àwọn onísìgá nìkan ni. Bí owó sìgá bá lọ sókè, wọ́n á ráhùn, wọ́n á sì rà á. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan á dín oúnjẹ kù, kò ní dín sìgá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lára àwọn oníbàárà mi. Ọkọ̀ gẹdú ni wọ́n ń wà. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n búra pé àwọn ò mu ún mọ́, wọ́n tiẹ̀ di Bíbélì mú lẹ́ẹ̀kan níwájú ìyá wa. Lọ́jọ́ kejì, orí ń fọ́ wọn, ara wọn ò balẹ̀, wọ́n ń jágbe mọ́ ìyàwó wọn, wọn ò rí oorun sùn. Lọ́jọ́ kẹta mo bá wọn lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń ṣa èyí tí àwọn ẹlòmíràn mu kù nílẹ̀. Àgbà ọkùnrin! Wọ́n rí mi, wọ́n bú sẹ́kún. Àwa ní olórí kunkun ni wọ́n, a ní wọn ò ro ti ọmọ wọn. Bẹ́ẹ̀, èmi àbúrò wọn ni mo ń tà á fún wọn láwìn, tí mo ń kọ gbèsè wọn sínú ìwé. Ikọ́ àti àìlèmí dáadáa ló padà gbé wọn lọ.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ohun kan wà nínú ewé tábà tí wọ́n ń pè ní nikotíìnì. Bí ènìyàn bá fa èéfín sínú, láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 10 péré, ó ti dé ọpọlọ. Tó bá ti mọ́ ọpọlọ lára, ọpọlọ á máa béèrè rẹ̀. Bí kò bá rí i ni orí fífọ́ àti ìbínú ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1988, ọ̀gá àgbà tó ń rí sí ìlera ará ìlú ní Amẹ́ríkà gbé ìwé jáde pé bí heroin àti kokéènì ṣe ń di bárakú náà ni nikotíìnì ṣe ń di bárakú. Síbẹ̀ lọ́dún 1994, ọ̀gá ilé iṣẹ́ sìgá méje dúró níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, wọ́n búra, wọ́n ní àwọn ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọn ì bá wá bi àwa tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn wa ní ìdájí.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń fín aáṣáà, nikotíìnì kan náà ló wà níbẹ̀ o. Ẹ má fi àwọn ọmọ onísìgá rẹ́rìn-ín jù.

Àwọn kan á ní tó bá jẹ́ bárakú lóòótọ́, báwo ni àwọn míì ṣe ń fi í sílẹ̀? Wọ́n ń fi í sílẹ̀, mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ìgbà mélòó ni wọ́n ti gbìyànjú. Ẹni tí ẹ bá ní nílé, ẹ yé bú u. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Ẹ fara da ìbínú rẹ̀, ẹ mú un lọ bá dókítà, torí oògùn wà tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjà wa. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 ní a kò gbọ́dọ̀ ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, a kò sì gbọ́dọ̀ tú páálí rẹ̀ tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń tà á. Ẹyọ kan yẹn sì ni owó ọwọ́ ọmọ iléèwé lè ká.

Èmi ti kó tèmi kúrò lórí àtẹ. Mo mọ̀ pé ó ń yá tà, mi ò sì fẹ́ kí ọjà ẹnikẹ́ni dojú dé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún níwájú ìgbìmọ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ má yá ẹnikẹ́ni lówó ra sìgá mọ́, kí ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọjà míì rọ́pò rẹ̀ tètè rí owó yá. Kí a dìbò lé e ní ìpàdé tó ń bọ̀.